KoboCollect: ohun tí mo fi kọ ìtàn ilé 43 sílẹ̀ ní abúlé bàbá mi

Kọ́bọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà sí. Áàpù orí fóònù ni. KoboCollect lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ KoboToolbox ló ti wá. Inú èdè Acholi, ní àríwá Uganda, ni àwọn tó dá a sílẹ̀ ti mú orúkọ náà. Ohun tó túmọ̀ sí níbẹ̀ ni kí á kó nǹkan láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Àwọn olùwádìí kan ní Harvard ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń lọ bá ará ìlú tí ogun tàbí àjálù ti dé bá, kí wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ níbi tí kò sí iná, tí kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń kọ ìtàn ilé abúlé kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n fún odidi oṣù 8, òun ni mo ń gbé kiri abúlé bàbá mi lọ́nà Àkànràn, láti ojúlé dé ojúlé, láti ahoro dé ahoro. Mo fẹ́ sọ bó ṣe bá mi ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, tó ń wo àwọn àgbà tó kù, tó sì mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ.

Ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ìbàdàn, ilé méjì ni a ní: ilé ìgboro, níbi tí a ti ń ṣọdún tí a ti ń ṣòkú, àti ilé oko, níbi tí oúnjẹ àti owó ti ń wá. Tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi báyìí, oko ni wọ́n ń kó wa lọ, kí a lọ bá wọn fọ́ kòkó, kí a lọ bá wọn sá a. Nígbà náà, bí èèyàn bá jí lóru láti tọ̀, yóò máa fi ẹsẹ̀ wá àyè láàárín àwọn tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Lónìí, nínú ilé 43 tí mo kà, 26 ló ṣì ní òrùlé lórí, èèyàn sì ń gbé inú 19 péré. Ilé 17 ti wó. Òkìtì amọ̀ ni wọ́n, ìbẹ́pẹ ti hù lórí òmíràn, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ilé ikán ni.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle méjì, tí mo fi rúlà fa ìlà sí dáadáa: orúkọ ẹni tó kọ́ ilé, iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ mélòó, ọdún tó kú. Nígbà tí mo kọ ilé 12 tán, mo jókòó ka ohun tí mo kọ, ọkàn mi kò balẹ̀. Ọkùnrin nìkan ló kún inú rẹ̀. Ìyá tó bí wọn kò sí níbẹ̀. Ẹni tó háyà iyàrá ẹ̀yìn fún ogún ọdún kò sí níbẹ̀. Mo rántí obìnrin kan tó máa ń fún mi ní róbó ní ilé kejì sí tiwa. Nínú ìwé mi, ó dà bí ẹni pé kò gbé ayé rí. Ìlà tí mo fà ló fà á: ilé kan, olórí ilé kan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló mú mi mọ Kobo. Ó ti bá àwọn tó ń fúnni ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣiṣẹ́ rí, Kobo ni wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn ọmọdé. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín," ó sì ṣí fọ́ọ̀mù kan fún mi. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ ó kọ́kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà ló dára jù fún èyí, ẹ ó ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́, ẹ ó sì kọ àwọn ìbéèrè yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó yan irú ìdáhùn tó ń fẹ́ fún: èyí tí wọ́n máa kọ, èyí tí wọ́n máa mú nínú ohun tí ẹ tò sílẹ̀, nọ́ńbà, àwòrán, ohùn, tàbí ibi tí ilé wà gan-an lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ó fa fọ́ọ̀mù náà wọ inú fóònù Android. Àwọn tó ń lo iPhone kò ní KoboCollect. Orí ìkànnì ni wọ́n ti ń dáhùn rẹ̀. Tí fọ́ọ̀mù bá ti wọ fóònù, ó parí, ẹ lè gbé e wọ inú igbó tí nẹ́tíwọ̀kì kò dé. Ní abúlé wa, àfi kí èèyàn gun àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé kí ó tó lè pe ẹnikẹ́ni, nítorí náà èyí ṣe pàtàkì fún mi ju gbogbo ẹ̀ṣọ́ tí áàpù lè ní lọ. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ gbogbo ìbéèrè mi, kò sí èyí tó kọ̀ nínú wọn.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ibi tí a ti lè tún ìbéèrè béèrè. Ẹ ó kó ìbéèrè kan jọ, gẹ́gẹ́ bí orúkọ, iṣẹ́, ibi tó ti wá, iyàrá tó gbé, ìgbà tó dé, ìgbà tó lọ, ẹ ó sì sọ fún un pé kí ó máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Tí ẹ bá ti kọ ẹnì kan tán, áàpù á bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi ẹlòmíràn kún un. Ohun kékeré ni lójú ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Lójú tèmi, òun ló gbé ilé kúrò lọ́wọ́ olórí ilé nìkan.

Ẹ wo Ilé Alágbẹ̀dẹ, tó jẹ́ ilé 6 nínú fóònù mi. Ìlà 2 ló gbà nínú ìwé ńlá: bàbá alágbẹ̀dẹ àti ọmọkùnrin 4. Pẹ̀lú Kobo, ìgbà 31 ni mo dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ fi ẹlòmíràn kún un. Ìyàwó 3 ló jáde, a sì rí opó àbúrò bàbá tí wọ́n ṣú. Ọmọkùnrin kan tún wà tó wá kọ́ṣẹ́ agbẹ̀dẹ tí kò padà sílé mọ́. A rí olùkọ́ kan tó dé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, tí wọ́n fún ní iyàrá iwájú nítorí ó ní fèrèsé méjì. Àwọn Àgàtú tó ń ro oko kòkó máa ń wọ̀ sí iyàrá ẹ̀yìn lọ́dọọdún, ìyá àgbà ilé náà sì rántí mẹ́ta nínú wọn dáadáa. Ó rántí èyí tó máa ń kọrin lóru, ó rántí èyí tí ejò bù jẹ. Mo kọ wọ́n sílẹ̀. Ilé yẹn ni wọ́n gbé.

Ẹni tó sọ gbogbo èyí fún mi kì í ṣe ọmọ ilé. Ìyàwó ilé ni, ìyàwó àbíkẹ́yìn bàbá náà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo wá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí káàkiri: ọmọ ilé obìnrin lọ ilé ọkọ, ọmọ ilé ọkùnrin lọ ìgboro, ìyàwó tó dé ní ọmọ ogún ọdún ló jókòó ti ilé fún ọgọ́ta ọdún, tó ń rí gbogbo ẹni tó ń wọlé tó ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àṣà wa, ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ìyá yìí kúnlẹ̀ kí èmi tó jẹ́ ọmọ fún un, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, ọkọ mi," nítorí pé ọmọ abúlé ni mí. Nígbà tí mo béèrè ẹni tó kọ́ ilé, ó ní Bàbá ni. Bàbá wo? Bàbá tó ni wá. Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Akọ̀wé ni. Èyí tó tẹ̀ lé e? Adúmáadán. Fọ́ọ̀mù mi kò gbà, nítorí mo ti sọ fún un pé kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá láìkọ orúkọ àbísọ.

Mo padà sílé, mo tún fọ́ọ̀mù ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ orúkọ di mẹ́ta: orúkọ àbísọ, oríkì, àti orúkọ tí ìyàwó ilé ń pè é. Mo yọ ọ̀ranyàn kúrò lára gbogbo wọn. Nígbà tí mo tún gun àpáta, fóònù gba fọ́ọ̀mù tuntun, àwọn ìdáhùn àtijọ́ kò sì sọnù. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ka kẹta yìí ló kún jù. Òun ló sì jẹ́ kí n rí àṣìṣe kan tí ìwé ńlá ti bò mọ́lẹ̀: Akọ̀wé tí àwọn ìyàwó ilé 6 ń pè, òun náà ni ọkùnrin tí mo fi orúkọ ìrìbọmi kọ sí ilé 14. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Ilé Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí i, ó lọ kọ́ ilé tirẹ̀ lẹ́yìn tí kòkó rẹ̀ so. Mo ti kà á sí èèyàn méjì fún oṣù 3.

Ibi gbígba ohùn náà dára. Ohùn tí ẹ bá gbà nínú fọ́ọ̀mù ilé kan yóò so mọ́ ilé náà, kò ní lọ dà pọ̀ mọ́ orin àti ìwàásù tó wà nínú fóònù. Mo máa ń ní kí ìyàwó ilé tó dàgbà jù ki oríkì ilé. Àwọn ọmọkùnrin Ilé Alágbẹ̀dẹ sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé Ìkòyí ni àwọn ti ṣẹ̀, ọmọ Ẹ̀ṣọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, ó débi "ìjàkadì lorò Ọ̀fà", ó tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo àwọn ọmọkùnrin náà lójú. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Mo kọ Ọ̀fà sílẹ̀, mo sì kọ Ìkòyí sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Fún ìdí èyí, ẹ fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù yín tí yóò máa béèrè ẹni tó sọ ọ̀rọ̀, kì í ṣe ti ilé lápapọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n fún olúkúlùkù ẹni tí ẹ bá kọ.

Ti ọdún ńkọ́? Kò sí àgbà tó máa sọ fún yín pé 1946 ni òun gbéyàwó. Mo tò ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kí wọ́n máa mú èyí tó sún mọ́ ọn: ìgbà lúkúlúkú ní 1918, ìgbà ogun Hítílà, ìgbà tí wọ́n ń gé kòkó, ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, òmìnira, Wẹ́tìẹ̀, Àgbẹ̀kọ̀yà, ọdún tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ní 1972, ọdún tí náírà dé ní 1973, ọdún tí odò Ògùnpa kó ilé lọ ní ìgboro ní 1980. Ìgbà gígé kòkó ló ya ọkàn mi lẹ́nu jù. Àrùn kan ló ń wú ẹ̀ka kòkó, kòkòrò kékeré funfun ló ń gbé e láti igi dé igi, ìjọba ìgbà náà kò sì rí oògùn mìíràn fún un ju kí wọ́n gé igi náà lulẹ̀ lọ, àtèyí tó ń so lọ́wọ́. Ilé 4 ní abúlé wa ni wọ́n pa tì lẹ́yìn náà. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ojú mi ni ahoro mẹ́rin náà wà láti kékeré, mo rò pé òjò ló wó wọn ni. Ìgbà tí gbogbo ìdáhùn jọ jókòó lórí ìlà kan nínú tábìlì ni mo rí i pé lẹ́yìn ohun kan náà ni àwọn ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣófo.

Ó tó ọ̀sẹ̀ 3 kí abúlé tó gbà fún wa láti fi fóònù bẹ̀rẹ̀. Baálẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Ọmọ mi, tí wọ́n bá ti ń ka ilé, owó orí ló ń bọ̀ lẹ́yìn." Àkànràn ni ẹ sì gbọ́ yìí. Níbẹ̀ ni Àgbẹ̀kọ̀yà ti gbóná jù ní 1968 sí 1969, nígbà tí àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà ni àwọn máa san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, tí Tafá Adéoyè ń ṣíwájú wọn. Ọlọ́pàá àti ṣọ́jà wọ abúlé, èèyàn sùn sínú igbó. Nígbà tó parí, owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn 2, ṣùgbọ́n ẹni tó rí ìyẹn lójú kò ní fi ọkàn balẹ̀ wo ẹni tó dé pẹ̀lú ohun ìkọ̀wé tó ń béèrè pé ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ilé. Mi ò bá Baálẹ̀ jiyàn. Mo tẹ gbogbo ìbéèrè sórí ìwé, ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Ó ní kí n yọ ìbéèrè ààlà ilẹ̀ kúrò pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má lọ gbé e lọ kóòtù lọ́la. Mo yọ ọ́. Ó ní kí a má fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ògiri ẹnikẹ́ni. A kò kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló di fóònù mú fúnra rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó ní kí n tún un gbé sókè. Ilé rẹ̀ la kọ́kọ́ kọ.

Ìbéèrè kan tún wà tó gba sùúrù: báwo ni ẹni yìí ṣe dé inú ilé? Mo tò ìdáhùn sílẹ̀: wọ́n bí i síbẹ̀, wọ́n gbé e níyàwó wá, wọ́n ṣú u, ó kọ́ṣẹ́, ó háyà, ó jẹ́ ìwọ̀fà. Nígbà tí mo dé ilé kejì ni bàbá kan bínú dìde. Bàbá bàbá rẹ̀ ti sin ìwọ̀fà fún onílé nítorí gbèsè, ilé náà sì ti di tiwọn láti ìgbà pípẹ́. Kò fẹ́ kí ọmọ òun kà á lórí fóònù. Mo fi "a kò fẹ́ sọ" kún un. Ìgbà 14 ni wọ́n lò ó. Mo fi ọ̀wọ̀ gba gbogbo rẹ̀, mi ò sì gbà kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wádìí rẹ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí ilé wà lórí ilẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Fóònù máa ń sọ iye mítà tí ó lè fi ṣì. Ní ojúde tó mọ́, ó máa ń tètè sún mọ́ ọn. Lábẹ́ igi kòkó, ẹ ó dúró pẹ́ díẹ̀, ẹ má yára tẹ̀ ẹ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti dé orí ìkànnì, ilé yín yóò jáde lórí àwòrán ilẹ̀. Mo rí i pé abúlé wa tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun, tí gbogbo ẹnu ọ̀nà sì kọjú sí ibi kan ṣoṣo. Igi ńlá kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gé e kí wọ́n tó bí mi.

Sàréè náà, ẹ yà á láwòrán. Nínú ilé àti ní ìtòsí ilé la máa ń sin àgbà sí, ọjọ́ tí wọ́n fi ìka kọ sára sìmẹ́ńtì tútù ló péye jù nínú gbogbo ohun tí mo rí. Sàréè 22 ni mo yà. Ẹ dín bí àwòrán ṣe tóbi kù nígbà tí ẹ bá ń ṣe fọ́ọ̀mù, nítorí dátà, àti nítorí pé ààyè ọ̀fẹ́ ní òpin, àwòrán àti ohùn ló sì ń tètè kún un.

Mo ní láti sọ ohun tó dùn mí. Tí ẹ bá parí fọ́ọ̀mù kan, yóò bọ́ sí "Ready to send". Inú fóònù ló ṣì wà. Kò tíì lọ síbì kankan títí ẹ ó fi rí nẹ́tíwọ̀kì kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò gun àpáta, mo ní tí mo bá dé ìgboro màá fi ránṣẹ́. Fóònù jábọ́ lọ́wọ́ mi nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ fọ́. Mo gbé e fún ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe. Ó tún ojú rẹ̀ ṣe, ó sì pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ láìbi mí. Ilé 20, 21 àti 22 lọ. Ní ilé 21, bàbá kan ti fi bí ìṣẹ́jú 40 sọ bí òun àti ìyá òun ṣe sùn nínú igbó kòkó ní àsìkò Àgbẹ̀kọ̀yà, ohun tí wọ́n jẹ, bí wọ́n ṣe fi aṣọ di ọmọ lẹ́nu kí ó má ké. Nígbà tí mo padà lọ ní oṣù kejì, wọ́n ti sin ín. Mo kọ ohun tí mo rántí sínú ilé 21, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ló rántí rẹ̀, kì í ṣe òun ló ń sọ ọ́. Láti ìgbà náà, mi ò sùn lórí ohun tí mi ò tíì fi ránṣẹ́. Mo ra power bank, mo sì ń gun àpáta lálaalẹ́, òjò ìbáà máa rọ̀.

Fún àwọn tó bìkítà nípa àmì ohùn, àti pé nínú orúkọ èèyàn àti ti ilé ó yẹ kí gbogbo wa bìkítà, mo fi Gboard ti Google sórí fóònù, mo yan Yorùbá nínú rẹ̀. Kobo gba gbogbo àmì láìyọ ọ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ kó ìdáhùn jáde, ẹ mú XLS, ìyẹn fáìlì Excel. Tí ẹ bá mú CSV, irú fáìlì kejì, tí ẹ ṣí i ní kíá nínú Excel, ẹ̀ àti ọ̀ yín lè di ìdọ̀tí tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

Ohun tí kò lè ṣe fún yín nìyí. Kò lè ya àwòrán bí ìran ṣe so mọ́ra. Kò mọ̀ pé ẹni tó wà ní ilé 6 ló tún wà ní ilé 14. Ẹ̀yin lẹ máa fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀ síbì kan. Kò sì lè kọ ìtàn. Tábìlì ló máa gbé fún yín, ìlà lórí ìlà, ẹ̀yin ni ẹ ó jókòó sọ ọ́ di ohun tí ọmọ ènìyàn lè kà. Ìyẹn gbà mí ní oṣù 2 mìíràn. Mo kọ ojú ìwé kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi ọ̀rá bò ó, a sì so ó kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó ṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ti àwọn ahoro wà lọ́wọ́ Baálẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ti Ilé Alágbẹ̀dẹ sí ìyá àgbà létí, ó ní kí wọ́n tún ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ Àgàtú tó ń kọrin. Ó ní orin náà kù, ó sì kọ ọ́ fún wa. Mo gbà á sílẹ̀.

Owó rẹ̀? Mi ò san kọ́bọ̀ fún áàpù náà. Owó ọkọ̀, dátà àti power bank ni mo ná, àti owó ìwé títẹ̀. Ẹni tó lè fi WhatsApp ránṣẹ́ lè lo apá ti inú fóònù. Fọ́ọ̀mù ṣíṣe lórí kọ̀ǹpútà ló yẹ kí ẹ wá ọ̀dọ́ kan tì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ilé yín kò bá ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ìwé àti ohun ìgbohùn ti tó. Tí ó bá ti di odidi abúlé, ẹ lo èyí.

Ilé 29 ṣì wà nínú "Drafts" mi, níbi tí fọ́ọ̀mù tí kò tíì parí máa ń wà. Iyàrá kan ló kù níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rántí ẹni tó gbé e. Ọmọbìnrin ilé náà tó wà ní Ṣàgámù ní ìyá òun máa ń dárúkọ obìnrin kan tó ń rẹ aró níbẹ̀, òun yóò sì wá lọ́dún Iléyá kí a jọ wọ inú rẹ̀ wò, bóyá àbàwọ́n aró ṣì wà lára ògiri.